Ìdọ̀bálẹ̀ Létí Rélùwéè

Àdúrà ẹ̀mí gígùn ni mò ń ṣe lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí nígbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí rélùwéè gé ẹsẹ̀ ọkọ ọmọ mi.

Ẹ mọ̀ pé Àkúrẹ́ wa ò ní rélùwéè. Ìbàdàn ni mo ti fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Èkó. Látìgbà tí mo ti dé ibùdókọ̀ náà ni mo ti ń bẹ àwọn èrò kí wọ́n sún kúrò lórí ìlà yẹ́lò etí pèpéle tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ kọjá. Wọ́n kàn ń wò mí.

Ni àna mi tó fẹ́ bá mi rìn bá yọ. Ọmọ Oǹdó tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ré kọjá ìlà náà síhà ojú irin.

Mi ò tiẹ̀ wo ẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà: "Wàá dàgbà, wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn dọjọ́ ogbó..."

Rélùwéè fọn fèrè lókèèrè. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré dé.

"Bọ̀dá, ẹ dìde."

Àna mi ní, "Bàbá ò tíì parí."

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàmín kí ọmọ yín lè dìde."

Mo ṣàmín wéré. Ó dìde. Ọkọ̀ wọlé.

Mo ti pàṣẹ fún gbogbo àwọn àna mi: létí rélùwéè, ẹ tẹríba, ó ti tó. Ìyàwó mi ní mo fẹ́ ba àṣà jẹ́.

Ẹ̀yin náà, kí lẹ rí sí i?