Ọjọ́ Burúkú Tó Kún Inú Ìwé Bàbá Ọkọ Ọmọ Mi

Èmi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń ta pupuru, òkèlè ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, mo sì máa ń mọ oyún kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Ní ìparí ọdún 2021, ìgbéyàwó ọmọbìnrin mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oyún inú rẹ̀ sì ti pé oṣù méjì. Àwa méjèèjì la mọ̀, àti ọkọ ìyàwó, tí ojú rẹ̀ ò jọ ti ẹni tó mọ nǹkan kan.

Nínú ìjọ Aládùúrà tiwa, ìyàwó tí ikùn rẹ̀ bá ti yọ kì í wọ aṣọ funfun dé iwájú pẹpẹ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbàdúrà fún un, bí ẹni tó wá tọrọ omi. Ohun tí mò ń sá fún nìyẹn.

Àfi bí bàbá ọkọ ìyàwó ṣe ránṣẹ́ pè mí sí Erinje. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ètò orí rédíò tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ bí òní ló fẹ́ràn ju oko lọ. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kan, kìkì èyí tó bá sì burú ló ń kọ.

Ó ki awò bọjú. "Ìyá Ìyàwó, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní tẹ́ ẹ mú yìí kò dáa. Ọjọ́ yẹn làwọn ṣọ́jà kọ́kọ́ gbàjọba, lọ́dún 1966. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn."

"Ṣé ìjọba lọmọ yín fẹ́ gbà ni? Ọmọ mi ló fẹ́ fẹ́."

"Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ó dáa, Sátidé tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Ó ṣíwèé. "Ọjọ́ kejìlélógún. Bàálù já ní Kánò lọ́dún 1973. Àwọn tó ti Mẹ́kà bọ̀ ló kún inú rẹ̀."

"Ṣé bàálù la fẹ́ fi gbé ìyàwó láti Okitipupa wá sí Erinje?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká sún un di ẹ̀yìn Àjíǹde."

Tó bá fi máa di ẹ̀yìn Àjíǹde, ikùn ni yóò kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí ìyàwó tó wọlé.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbójú sókè. "Bàbá ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún yẹn náà logun abẹ́lé parí, lọ́dún 1970? Ẹ̀gbọ́n mi wà lójú ogun. Nígbà tí rédíò kéde rẹ̀, ìyá mi yí gbirigbiri nílẹ̀ fún ayọ̀ níwájú ilé wa n'Igbotako. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ ìyẹn?"

"Ta ní ń ṣọ́ra fún ire?"

"Ẹ̀gbọ́n mi yẹn ló ṣe alárinà wa. Ká ní kò bọ̀, ta ni ì bá mú yín wọlé wa, pẹ̀lú bẹ́ ẹ ṣe máa ń fajú ro?"

Mo bá ti ẹnu bọ̀ ọ́. "Bàbá, a jẹ́ pé ọjọ́ burúkú yìí náà ló fún yín láya, tẹ́ ẹ fi bí ọkọ ọmọ mi."

Ó ṣíwèé síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ lọ, kò wojú rẹ̀. Bàbá bọ́ awò.

"Sátidé tẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú náà ni. Ẹ máa lọ."

Ọmọ mi wọ funfun dé iwájú pẹpẹ, ó sì fi òdòdó bo ikùn bí ẹni tó di ẹrù mú. Kò ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn náà tó fi bímọ. Àwọn ìyá ìjọ ń fi ìka ṣírò oṣù. Mo ní ọmọ náà ò pé oṣù ni. Ẹni tó bá gbé e, ìwúwo rẹ̀ á mú kí apá ro ó, á sì tètè gbé e padà fún mi.