Ṣòkòtò Bọ̀dá Ọlátúnjí àti Ìbò Amẹ́ríkà

Ọkọ mi, Adélékè, ò dé Amẹ́ríkà rí. Télọ̀ ni, ní Harburg níbí, ní Germany. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló ní, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń sinmi. Sútánà funfun tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń wọ̀, òun ló ń rán an. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí oníbàárà bá ní apá kan gùn ju ìkejì lọ, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó." Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ìbò Amẹ́ríkà létí ẹ̀ ná, ẹ ó rí ohun tó ń gbé inú ọkùnrin.

Fóònù ló bà á jẹ́. Bó bá ti ń ránṣọ, àwọn ará Amẹ́ríkà á máa pariwo mọ́ ara wọn lórí fóònù ẹ̀, òun náà á sì máa dá wọn lóhùn. Rìpọ́blíkà lòun, ó ní wọ́n máa ń gbàdúrà. Ọjọ́ tí wọ́n ka ìbò, ìdájí ló jí mi. "Ìyá Jasmin, a ti wọlé ní Ohio!" Mo bi í pé, àwa wo? Jasmin ọmọ wa yọjú láti yàrá ẹ̀, ó ní, "Papa, wir wohnen in Harburg." Ọmọ ń rán bàbá ẹ̀ létí ibi tó ń gbé.

Bọ̀dá Ọlátúnjí, tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó láti Veddel nítòsí wa níbí, ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti ọdún méjìlélógún. Dẹ́mókíráàtì nìyẹn. Òun náà ò dé Amẹ́ríkà rí, àfi tí a bá máa ka ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní Houston mọ́ ọn.

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Bọ̀dá wá wọn ṣòkòtò tó máa fi ṣe ìdúpẹ́ ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọkọ mi ṣe yí téèpù ká a ní ìbàdí, lọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà bá délẹ̀. Bí ohùn Bọ̀dá ṣe ń lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ń fa téèpù. Mo wà níbẹ̀ tí mò ń dirun fún oníbàárà kan, ojú mi ló ṣe. Ìgbà tí wọ́n fi máa sọ̀rọ̀ dé orí owó orí, Bọ̀dá ò lè mí dáadáa mọ́. Nọ́ḿbà tí ọkọ mi kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló bá mu.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ dé, wọ́n ní kí àwọn bàbá jó bọ̀ síwájú. Bọ̀dá ká sútánà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ṣòkòtò náà sì ya. A gbọ́ ọ ju àwọn akọrin lọ. Gbogbo ìjọ ló rí àwọ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀, aláwọ̀ ewé ni. Ìgbà tó délé tó rò ó wò ló pè wá.

"Adélékè, na politics be this! O dín ìdí mi kù torí pé mo jẹ́ Democrat!"

"Ìdí ẹ ló tóbi," lọkọ mi wí, "bíi owó orí tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbà!"

Bí wọ́n ṣe yan ara wọn lódì nìyẹn, fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko. Èyí tó wá burú jù ni pé Bọ̀dá gbé ṣòkòtò náà fún télọ̀ mìíràn pé kó bá òun rán an. Ọkọ mi ò jẹun lọ́jọ́ tó gbọ́.

Ẹ má bi mí bóyá mo dá sí i. Mo dá sí i dáadáa, mo bú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò lè fi ṣeré. Ìyá ọkọ mi tó wà ní Ìkirè máa pé ọgọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀, wọn ò sì tíì fojú kan ọmọ wọn láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ ti kọjá lórí pásípọ́ọ̀tù ọkọ mi, Berlin ló sì ti máa lọ gba tuntun, ní ẹ́ḿbásì. Ìgbà tí òun àti Bọ̀dá ṣì ń jẹun nínú àwo kan ni wọ́n ti jọ gba Termin, ìyẹn àdéhùn pẹ̀lú ẹ́ḿbásì, ọjọ́ kan náà, aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ń tún ọ̀nà reluwé Berlin ṣe lọ́wọ́. Ọkọ mi ò mọ ọkọ̀ wà. Ọkọ̀ akẹ́rù Bọ̀dá ló kù. Bí Termin yẹn bá bọ́, ó di lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọjọ́ ìbí ìyá á sì ti kọjá.

Èmi àti Roseline, ìyàwó Bọ̀dá, la bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi gbà pé àwọn á jọ lọ, bí èmi bá máa jókòó sáàárín.

Aago márùn-ún ìdájí la gbéra. Bọ̀dá wọ ṣòkòtò yẹn gan-an, kí ọkọ mi lè máa wò ó. Ó kí mi, kò kí ọkọ mi. A ò tíì wọ Autobahn, ọ̀nà márosẹ̀, tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó wa, bá mi sọ fún ọkọ ẹ pé olódo ni gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀."

Mo yíjú sí ọ̀tún. "Bàbá Jasmin, Bọ̀dá ní ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ọkọ mi gbọ́ ọ. Èjìká wa ń kan ara wa nínú ọkọ̀ yẹn, ta ni ò ní gbọ́? Ó rò ó díẹ̀. "Sọ fún un pé mo sùn. Sọ fún un pé òpùrọ́ làwọn tiẹ̀, wọ́n lè ta ilé ìyá wọn."

"Bọ̀dá, wọ́n ní àwọn sùn dáadáa. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀nà yìí jìn."

"Mo dúpẹ́," ni Bọ̀dá wí.

Ó yà mí lẹ́nu. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ èébú náà ketekete, ṣùgbọ́n èyí tí mo sọ ni wọ́n ń dá lóhùn. Báyìí la ṣe rìn fún wákàtí kan ààbọ̀. Láàárín "òmùgọ̀" àti "aláìmoore," ọkọ mi ti béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru Bọ̀dá, Bọ̀dá náà ti béèrè ìwé Jasmin.

Oorun ló bà wá jẹ́. Mo sùn lọ. Ìgbà tí mo máa lajú, wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, kò sì sí èyí tó ṣeé tún sọ nínú ẹ̀. Bọ̀dá yà sí Raststätte, ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń sinmi, ó pa ọkọ̀.

"Adélékè, come down! Máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Berlin. Kí àwọn èèyàn ẹ ní Ohio wá gbé ẹ!"

"Mo ti sọ̀!" Ọkọ mi sì sọ̀ lóòótọ́, ó di fáìlì ìwé ẹ̀ mọ́ àyà.

Inú bí mi. Mo fò jáde, mo pariwo mọ́ àwọn méjèèjì. Mo ní ta ló dìbò nínú yín? Ìbò Germany tẹ́ ẹ wà yìí gan-an, wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ dì í! Ìyá àgbà tó wà ní Ìkirè ni mò ń rò, ẹkún ti ń gbọ̀n mí.

Bọ̀dá náà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá jà. Ọkọ̀ akẹ́rù sì ga. Bó ṣe na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ báyìí, ṣòkòtò tún ya, láti ìdí títí dé itan. Ó dúró gbagidi, ó fọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn. Ẹ́ḿbásì ló ń lọ o, kò sì mú aṣọ mìíràn dání.

Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ sẹ́yìn ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú rírán náà.

"Ta ló rán eléyìí?" Ohùn télọ̀ ló fi sọ ọ́. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi ẹ̀rọ gba orí ẹ̀. Kò tiẹ̀ so ó nídìí! Túnjí, irú èèyàn báyìí lo gbé aṣọ mi fún?"

"Mò ń bínú ni jàre."

"Yí ẹ̀yìn."

Ọkọ mi kì í jáde láìsí abẹ́rẹ́ àti òwú lábẹ́ kọ́là. Bọ̀dá fọwọ́ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó na ìdí sẹ́yìn, ọkọ mi kúnlẹ̀, ó ń rán an. Màmá òyìnbó kan tó ń mú ajá rìn kí wa, ó ní, "Guten Morgen." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn. Bọ̀dá tún la ẹnu, "But you see, that your party..."

"Túnjí, abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi o."

Ta ló fẹ́ bá ẹni tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ wà nídìí ẹni jiyàn?

Nígbà tó yá, ọkọ mi já òwú, kò gbójú sókè. "Mo fa téèpù jù lọ́jọ́ yẹn. Má bínú."

"Èmi náà fa ikùn sínú," ni Bọ̀dá wí. "Mi ò fẹ́ kó o rí bí mo ṣe sanra tó."

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la dé ẹ́ḿbásì. Wọ́n ya fọ́tò wọn, wọ́n tẹ̀ka. Bí a ṣe jáde lọkọ mi pe ìyá ẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́.

"Màámi, wọ́n ti ya fọ́tò mi. Mò ń bọ̀ wá bá yín ṣọjọ́ ìbí."

Ìyá sunkún, wọ́n gbàdúrà, wọ́n pè é ní Àjàní lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọkọ mi wá béèrè Ìyá Fọlọ́runṣọ́, aládùúgbò wọn, tó gbé wọn lọ sọ́sibítù lọ́dún tó kọjá nígbà tí wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀.

"Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́," nìyá wí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni. A jọ ń gbọ́ rédíò, ó ní ẹgbẹ́ elérin lòun ń ṣe. Mo ní erin wo ló ti bá èèyàn ru ẹrù rí? Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lèmi. Oṣù kejì rèé, bó bá gba iwájú, èmi á gba ẹ̀yìn."

Àwọn elérin ni Rìpọ́blíkà tí ọkọ mi ń pariwo ẹ̀ kiri, oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì ni ti Bọ̀dá. Ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kí wọn lónìí. Mi ò sí nílé. Tẹ́ ẹ bá tún ṣubú, ta ló máa gbọ́?"

"Kí n lọ kí i? Ìwọ gan-an ńkọ́, ta lò ń ṣe níbẹ̀? Ṣé elérin ni ọ́?"

Ọkọ mi yíjú sí Bọ̀dá. Bọ̀dá Ọlátúnjí bá gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ kú ìfojúsọ́nà o, màmá. Ọlátúnjí ni. Adélékè? Haba! Kì í dá sí i rárá. Láti ọdún méjìlélógún, mi ò gbọ́ Amẹ́ríkà lẹ́nu ẹ̀ rí."

Ìyá ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n wá bàtà mi."

A ò pa fóònù. A gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, a gbọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn, a sì gbọ́ ohùn Ìyá Fọlọ́runṣọ́ látinú ilé tó ní, "Ta nìyẹn?" Ọkọ mi fọwọ́ nu ojú, Bọ̀dá sì jókòó tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ṣòkòtò.