Bí Mo Ṣe Ka Wákàtí Èkó sí Àtìláńtà

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó lọ sí Àtìláńtà, èmi ni mo ka wákàtí ìrìn náà fún ìyá wa. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àpò ọ̀rá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sango, mo mọ̀wé díẹ̀, mo sì fẹ́ràn kí n máa ṣe bí ọ̀mọ̀wé.

Àbúrò mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó gboyè yunifásítì nílé wa, ní ọ̀kan nínú àwọn tuntun tí ṣọ́ọ̀ṣì dá sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ìyá wa ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí àbúrò mi rí ààyè láti lọ kàwé sí i lókè òkun, ìyá mi ní òun ò ní fi omi kan ẹnu títí ọkọ̀ á fi balẹ̀. Àwọn ìyá aládùúrà márùn-ún ní àwọn á bá a gbàdúrà. Wọ́n á pín wákàtí ìrìn náà, kálukú á gba tiẹ̀ nílé, kí ọmọ náà má fi ìṣẹ́jú kan wà lókè láìsí àdúrà.

Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló máa gbéra, aago márùn-ún ìdájí ló máa balẹ̀. Wákàtí mẹ́fà, ìyá mẹ́fà.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni ìyá mi bi mí. "Bí òjò bá rọ̀, Àtàn-Ọ̀tà sí Sango nìkan lè gba wákàtí mẹ́ta."

"Màmá, kò sí kòtò lójú ọ̀run."

Aago márùn-ún kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ó di mẹ́fà, ó di méje. Mo lọ síbi iṣẹ́ tàyàtàyà, mo sì sọ ọ́ fún ọ̀gá wa, ará Íńdíà kan. Ẹ̀rín pa á.

"Their own five o'clock never reach! Na twelve hours."

Aago Àtìláńtà ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago tiwọn sì fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa. Ọ̀nà náà ju ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà lọ, síbẹ̀ mo rò pé ìgbà kan náà ni ilẹ̀ ń mọ́ bá gbogbo wa. Ara mi balẹ̀ nítorí àbúrò mi, àmọ́ ojú tì mí nítorí ìyá mi. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò sì tíì mu omi láti ìrọ̀lẹ́ àná.

Mo tọrọ ààyè, mo gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé òun nìkan ni màá bá. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta èlùbọ́ ò ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ti Alapoti wá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Nígbà tí aago márùn-ún kọjá láìsí ìròyìn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣì í kà. Wákàtí méjìlá ni."

Àgbà inú wọn ní, "Ìkẹwàá la wà yìí. Ó ku méjì. Dìde, ṣé ìwọ lò ń wa ọkọ̀ náà ni?"

Àwọn márùn-ún yòókù ò ní ọmọ nínú ọkọ̀ yẹn. Títí dòní, bí mo bá rántí wọn, ọpẹ́ ló máa ń kún inú mi.

Mo bẹ ìyá mi pé kó mu omi. Ó kọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán lù, fóònù dún. Ìyá mi gbé e sétí.

"Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

Àbúrò mi ní òun jẹun lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀, òun sì sùn fọnfọn títí wọ́n fi dé.

Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Oníṣirò, lọ bu omi wá fún mi."