Bàbá Nípọn-nípọn àti Ọ́ìlì Tó Ki

Ohun tó bá nípọn nìkan ni bàbá télọ̀ kan gbà gbọ́. Aṣọ tó nípọn ló ń tọ́jọ́, bàtà tó nípọn ló ń bá èèyàn kalẹ́. Kódà, Bíbélì tó nípọn jù nínú ìjọ wọn, tirẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó kà á dé. Abájọ tí àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Nípọn-nípọn.

Nígbà tó tó àsìkò láti pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀, mẹkáníìkì gbé ike kan wá.

“Èyí tó ṣàn yìí ni ìwé ọkọ̀ yín ní ká máa dà sí ẹ́ńjìnnì, Bàbá.”

Bàbá fi ìka méjì ra á wò, ó yínmú. “Èyí? Omi ìṣanwọ́ nìyí! Gbé èyí tó ki wá. Ọkọ̀ tó ti dàgbà ń fẹ́ ohun tó dúró.”

“Ẹ̀yin lẹ lọkọ̀ o,” ni mẹkáníìkì wí. Ó da èyí tó ki sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe eré. Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó Bàbá gbọ́dọ̀ dé ọsibítù ní kùtùkùtù kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ sójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ààyè náà. Bó bá fi lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀yìn èrò rẹpẹtẹ ni yóò tún lọ tò sí.

Láàárọ̀ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ náà, òtútù mú. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láti dán an wò. Ẹ́ńjìnnì kérora bí ọ̀lẹ tí wọ́n jí fún àdúrà ìdájí, ó sì dákẹ́. Ó tún un yí. Hùùù... hùùù... ó parí.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbàdúrà sókè. “Olúwa, ṣàánú ọkọ̀ yìí. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni wàhálà wà, Baba, má fò ó kọjá.”

“Ìyá wọn, mò ń gbọ́ o!”

“Ẹ̀ bá ti gbọ́ ti mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀.” Ó sún mọ́ ọn. “Bàbá wọn, òwú tẹ́ ẹ fi ń rán báàgì, ṣé ẹ lè fi í bọ ojú abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi ń rán sílíìkì?”

“Láéláé! Kò lè kọjá. Tí mo bá sì fipá fà á, abẹ́rẹ́ á...” Ó rántí ọ́ìlì tó ki. Ó wo ọkọ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wolẹ̀. “Jẹ́ kí n lọ pe mẹkáníìkì.”

Mẹkáníìkì wá, ó fa ọ́ìlì tó ki jáde, ó da èyí tó ṣàn sí i. Bó ṣe dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ yẹn, ńṣe ni ikùn rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Lọ́jọ́ Ajé, bí Bàbá ṣe fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ báyìí, ẹ́ńjìnnì dá a lóhùn. Inú Bàbá dùn débi pé ó dijú, ó ń mi orí.

“Ìyá wọn, gbọ́ bó ṣe ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́! Tún un gbọ́!”

“Mo ti gbọ́. Ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe etí. Ẹ wa ọkọ̀!”