Imú Dádì Ni Mo Jẹ́, Mo sì Dákẹ́

Yéè, Dádì mi o! Ta ni kí n máa da ọtí sínú kọ́ọ̀bù fún báyìí? Ta ni yóò dijú, tí yóò gbé kọ́ọ̀bù sí abẹ́ imú, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù yóò sì pa rọ́rọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń gbàdúrà? Ẹ lọ, ẹ ò bojú wẹ̀yìn. Àforíjì kan wà tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí n fi dìgbà tí ẹ bá jí. Ẹ ò jí.

Èmi Ìbùkún, àbígbẹ̀yìn yín, ni mo ń kọ èyí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kọ tiwọn sí ojú ewé tó ṣáájú nínú ìwé ètò ìsìnkú yìí: bí ẹ ṣe rán wọn níwèé, bí ẹ ṣe ń kó gbogbo wa lọ sí Ọ̀mù-Àrán ní Kérésìmesì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹbí mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí èmi nìkan mọ̀ nípa yín, tí mo fi pamọ́ fún ohun tó lé ní ọdún méjì. N kò lè jẹ́ kí wọ́n fi erùpẹ̀ bò ó mọ́ yín lórí.

Dádì mi, ọkùnrin jẹ́jẹ́, afínjú tí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ kì í wó. Ẹ ta ọtí ní àdúgbò Táíwò fún ohun tó lé ní ogún ọdún, kò sí ẹni tó rí i kí ọtí pa yín rí. Nígbà tí àwọn kan nínú ìjọ bá ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀, ẹ a ní, "Èmi kì í mu ọtí. Mo máa ń tọ́ ọ wò ni." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ìwọ̀n ṣíbí tíì kan ni, nínú kọ́ọ̀bù kékeré tí ẹnu rẹ̀ sún jọ. Ẹ a kán omi díẹ̀ sí i, ẹ a ní omi náà ló ń jẹ́ kí òórùn rẹ̀ ṣí. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra ọtí gidi fún àna tàbí fún ọ̀gá rẹ̀ ló ń gbé ìgò wá fún yín kí ẹ bá òun mọ̀ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Bàbá Onímú ni wọ́n ń pè yín. Ọ̀rọ̀ yín sì ni abẹ gé.

Nínú gbogbo ìgò tó wà lórí pẹpẹ, ọ̀kan ni ẹ fẹ́ràn jù: wisikí ilẹ̀ Skọ́tílándì, tí wọ́n fi ọkà báálì nìkan ṣe, tí wọ́n sì tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú agbá onígi tí wáìnì kan tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́rì ti kọ́kọ́ gbé. Ẹ a máa rẹ́rìn-ín tí ẹ bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà: "Igi agbá yẹn ti mu wáìnì yó kí wisikí tó débẹ̀. Ohun tó mu ló ń bì díẹ̀díẹ̀ yìí." Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò.

Nígbà tí mo jáde ilé-ìwé girama, ẹ mú mi lọ sí ọjà Ìpàtà. Mo rò pé a fẹ́ ra oúnjẹ ni. Ọ̀dọ̀ Àlàájà kan tó ń ta èròjà ni ẹ mú mi dúró sí, ẹ ní kí n dijú. Ẹ ń gbé nǹkan sí mi nímú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kànáfùrù, dàbínù, atalẹ̀, èso àjàrà gbígbẹ.

"Kí ni èyí? Má sọ fún mi pé ó dùn. Mi ò bi ọ́ bóyá ó dùn. Mo ní kí ni?"

Àlàájà pariwo mọ́ yín: "Bàbá Onímú, ẹ tún ti kó ọmọ wá! Àtẹ̀yin àtọmọ, imú lásán lẹ ó fi jẹ ọjà mi tán. Ẹ ra díẹ̀ ńbẹ̀ kẹ̀, wàláì!"

Ẹ rà á, ẹ sì rà púpọ̀. Òun kò mọ̀ pé ọtí ni ẹ fẹ́ kí n fi òórùn ọjà òun dá mọ̀. Ẹ kò sì jẹ́ kí ó mọ̀, nítorí ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Ní ìgbà òjò, ó ti lé ní ọdún méjì báyìí, oníbàárà kan gbé páálí ìgò mẹ́fà wá, ó ní kí a ṣí ọ̀kan kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti rẹ kọ́ọ̀bù yín sínú bílíìsì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, nítorí àbàwọ́n, mo sì gbàgbé láti fi omi gidi ṣàn án. Mo da ọtí sí i. Kí n tó gbé e dé ọwọ́ yín ni bílíìsì ti ń ta mí nímú. Ẹ gbà á, ẹ dijú, ẹ mí kanlẹ̀.

"Dàbínù," ẹ wí. "Èèpo ọsàn. Kànáfùrù díẹ̀ lẹ́yìn. Ojúlówó ni."

Ẹ sì ń gbé e lọ sẹ́nu. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a dànù. Oníbàárà náà bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá, ọwọ́ ọmọ yín yìí ò balẹ̀ o!" Ẹ bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó lọ tán ni mo ní, "Dádì, bílíìsì ló wà nínú rẹ̀." Ẹ mú kọ́ọ̀bù náà nílẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wá jókòó.

"Láti Àjíǹde ni. Mo rò pé ọ̀fìnkìn ni. Mo ń retí kí ó lọ."

Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù.

"Nítorí imú? Ta ló ń lọ sí ọsibítù nítorí imú? Má sọ fún ìyá rẹ, Ìbùkún. Tí Táíwò bá gbọ́ pé Bàbá Onímú ò gbóòórùn mọ́, ta ni yóò tún wọ ṣọ́ọ̀bù yìí?"

Mo gbà fún yín. Ẹnu mi báyìí ni mo fi gbà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di imú yín. Èmi ni mo ń da ọtí, èmi ni mo ń kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ bí mo ṣe ń dà á. Tí mo bá gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún yín, ojúlówó ni. Tí mo bá gbé e sí òsì, ayédèrú ni. Mo ń kọ orúkọ òórùn mẹ́ta sí bébà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. Ẹ a wò ó, ẹ a dijú, ẹ a sọ ọ́ bí ẹni tó ń rí i lókèèrè. A kò ṣi ẹnì kankan lọ́nà.

N kò ní purọ́ níwájú òkú yín: inú mi dùn. Èmi tí wọ́n máa ń gbàgbé pé mo wà nínú yàrá, imú mi ni gbogbo wọn ń yìn láìmọ̀. Nígbà tí fọ́ọ̀mù yunifásítì jáde, n kò gbà á. Mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni orí fífọ́ bẹ̀rẹ̀. A pààrọ̀ awò ojú yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àbúrò yín obìnrin tó ti kú pè mí, a ní ó rẹ̀ yín ni. Títí ẹ fi ṣubú lẹ́yìn káńtà ní ọ̀sán gangan.

Ní ọsibítù, dókítà béèrè lọ́wọ́ wa pé, "Ǹjẹ́ ẹ kíyè sí i pé wọn ò gbóòórùn dáadáa? Bíi kí ìrẹsì máa jóná kí wọ́n má mọ̀?" Mọ́mì ní rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tiẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Bàbá wa kẹ̀, dókítà? Ẹ bi gbogbo Táíwò léèrè!"

Fúláàsì oúnjẹ yín wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ó ti lé ní ọdún méjì, sà."

Dókítà ní nǹkan kan ń hù sínú orí yín, lẹ́yìn iwájú orí, ibi tí a fi ń mọ òórùn ló sì kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó kéré. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó wò mí, ó pa fáìlì dé. Mọ́mì náà wò mí, ó sì yíjú kúrò.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Mọ́mì lọ ra oògùn. Ẹ ní kí n lọ gbé ìgò kan wá láti ṣọ́ọ̀bù, èyí tó lo ọdún méjìdínlógún nínú agbá ṣẹ́rì, tí ẹ fi pamọ́ fún ọjọ́ tí wọ́n bá gbà mí sí yunifásítì. Mo mọ ohun tí ṣíṣí i lọ́jọ́ náà túmọ̀ sí. Mo gbé e wá pẹ̀lú kọ́ọ̀bù yín. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Dádì, ẹ forí jì mí, èmi ni mo..." Ẹ gbé ọwọ́ sókè.

"Tí mo bá jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí o sọ ìyẹn. Tọ́ ọ wò ná. Sọ ọ́ fún mi."

N kò gbé ọtí mì rí láyé mi. Mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, mo ní: dàbínù, èso àjàrà gbígbẹ, pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kéèkì Kérésìmesì tí Mọ́mì máa ń ṣe. Ẹ ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Mo wá tọ́ ọ wò. Mo ní ó kọ́kọ́ dùn létè, lẹ́yìn náà ó gbẹ lórí ahọ́n, ó gbóná wọ àyà lọ, ó sì wá korò bí èèpo ọsàn. Ojú yín wà ní dídì.

"Ṣé ó ti lọ lọ́fun rẹ?"

"Kò tíì lọ, Dádì."

"Dúró dè é."

A jọ dúró dè é. Ẹ di ọwọ́ mi mú títí Mọ́mì fi wọlé. Wọ́n gbé yín lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ lo ọjọ́ márùn-ún láìlajú, ó sì tán.

Àwọn Àǹtí nínú ẹbí ti fọ gbogbo aṣọ yín, wọ́n ti kó káfúrà tó ń lé kòkòrò sí i. Mo ti ki imú bọ ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan, káfúrà nìkan ni mo gbọ́. Mo fi imú yìí dá ojúlówó mọ̀ fún àjèjì, n kò lè fi wá yín rí nínú aṣọ yín. N kò mọ ohun tí mo tún fẹ́ fi ṣe.

Mọ́mì ka ìwé yìí kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi kà á tán. Kò ní òun forí jì mí, kò sì ní òun kò forí jì mí. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé kéèkì mi ni o sọ fún wọn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Kí ni wọ́n wí?" Mo ní ẹ ní kí n tún un sọ. Ó fi ìbòrí rẹ̀ bo ojú.

Dádì, ẹ ò jí, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ níbi tí ẹ wà: èmi ni mo mọ̀, èmi ni mo dákẹ́. Ẹ forí jì mí. Kọ́ọ̀bù yín wà lórí tábìlì mi, ẹ̀kán kan nínú ọtí ọjọ́ náà ti gbẹ sí ìdí rẹ̀. N kò ṣàn án. Láràárọ̀ ni mo ń gbé e sí imú, ó sì ń dín kù. Ìgbà tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, kò ní sí ẹni tí n ó sọ fún pé ó ti lọ.

Ó dìgbà náà o, Bàbá Onímú. Sùn re o, Dádì mi. Sùn re o.

Ìbùkún, ọmọ yín