Ọjọ́ Tí Mo Lọ Mú Ọmọ-Ọmọ Mi Kúrò ní Àgọ́

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó gbé ọkọ́, ṣùgbọ́n nínú igbó tó wà láàárín Ayétòrò sí Ìjoùn, ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí. Àwọn ìgalà ibẹ̀ mọ ìró ẹsẹ̀ mi, wọ́n a sì kí mi.

Ọdún tí wọ́n ti bodè ni. Nígbà tí ọlidé gígùn dé, àwọn obìnrin ìjọ kan kó àwọn ọmọbìnrin jọ, wọ́n pàgọ́ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn Ìjoùn, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ bí a ti ń dáná nínú igbó, bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, bí a ti ń mọ ọ̀nà. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, bẹ̀bẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi gbà. Èmi ò gbà. Bí alángbá bá mirí sí ọmọ yìí, inú yàrá ló ń sá sí. Mo ní ta ní ń rán irú èyí lọ sígbó?

Lọ́jọ́ kẹrin, a gbọ́ pé àwọn aṣọ́bodè ń lé àwọn onífàyàwọ́ kiri ìhà ibẹ̀. Ọmọ mi, bàbá ọmọ náà, ní, "Bàbá, ẹ bá mi lọ mú un wálé." Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọlọ́kadà gbé mi dé Ìjoùn, ó ní òun ò lọ síwájú mọ́, àyẹ̀wò ojú ọ̀nà ti pọ̀ jù. Mo fẹsẹ̀ gba ọ̀nà oko. Háà, ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ti di mẹ́fà! Àwọn onífàyàwọ́ ti fi ọ̀kadà la igbó bí ẹni ń ya irun orí. Mo dé oríta kan, mo rí ewé tútù tí wọ́n já dí ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí ọmọ oko tí kò mọ ìyẹn: ẹni tó ṣíwájú ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé kó má gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n pọ̀ lórí mi lọ́jọ́ náà. Mo ní àwọn onífàyàwọ́ ló fi ewé bo ọ̀nà tó dára mọ́ àwọn aṣọ́bodè lójú. Mo rẹ́rìn-ín, mo ré e kọjá.

Kò tó ogún ìṣísẹ̀ tí ẹrẹ̀ fi gbé mi dé orúnkún. Mo jà, ó gbé mi dé ìbàdí. Mo fi etí ara mi gbọ́ tí ilẹ̀ gbé itọ́ mì. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tó tóbi tó àgùntàn jókòó síwájú mi, ó ń wò mí bí ẹni ń dúró de ogún. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

"Ẹ má jà, Bàbá. Bí ẹ bá ń jà, ẹ ó túbọ̀ máa rì ni."

Ọmọ-ọmọ mi ni. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin àti olùkọ́ wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń pàṣẹ. Ó ní kí wọ́n gé ọ̀pá, kí wọ́n tò ó sórí ẹrẹ̀. Ó dàyà délẹ̀ lórí rẹ̀, ó ju okùn sí mi, ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ẹnu mi ò lè pa dé. Bí òkú bá jí lójú mi, kò ní yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fà mí jáde, bàtà mi ò bá mi jáde.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ò rí ewé tí mo fi dí ọ̀nà ni?"

Mo ní mo rí i, mo rò pé onífàyàwọ́ ló fi síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní bóyá bàbá fẹ́ lọ gbé ìrẹsì fàyàwọ́. Olùkọ́ wọn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n kò sunkún. "Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù, Bàbá. Ẹ bá mi bẹ bàbá mi." Olùkọ́ náà ní àwọn aṣọ́bodè mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀, àràárọ̀ ni wọ́n ń wá kí àwọn. Ọmọ náà fún mi ní iṣu tó fọwọ́ ara rẹ̀ sun. Mo jẹ ẹ́ tán.

Èmi nìkan ni mo padà wálé. Ọmọ mi wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà, ó wo ẹ̀yìn mi. "Bàbá, ọmọ dà?"

Láti ọ̀nà ni mo ti to irọ́ sílẹ̀, pé ẹfọ̀n mẹ́ta ló lé mi. Mo la ẹnu, òótọ́ ló jáde, gbogbo rẹ̀, àfi ẹkún tí mo sun kí wọ́n tó yọ mí. Ó yà mí lẹ́nu ju ẹrẹ̀ lọ. Ọmọ mi ní kí ọmọ náà dúró parí ọjọ́ mẹ́wàá tó kù.