Kọ́kọ́rọ́ Tí Mọ́mì Sàkírù Ń Jù Láti Òkè

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń ti Rye Lane bọ̀, mo ń lọ sílé mi ní Nunhead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ tó já lu etí títì. Ọmọbìnrin kan ló dúró sísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta. Ẹnì kan ti ju kọ́kọ́rọ́ sí i láti ojú fèrèsé, kò sì rí i mú. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó wọlé lọ. Èmi ò lè lọ mọ́. Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti àpò iṣu lọ́wọ́, mo ń wo fèrèsé yẹn, mo ń sọ lọ́kàn mi pé Sàkírù ì bá mú un.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Sàkírù, ilé tí a gbé dàgbà ni kí n kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ́sítéètì káńsù ni, ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń háyà, ní Peckham, wọ́n ti wó o báyìí. Alájà mẹ́rin ni; àwa wà ní àjà kejì, àwọn Sàkírù wà lókè pátápátá. Bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó bí wa, ó sì jọ pé káńsù ń dúró kí gbogbo wa kó kúrò kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á dúró sísàlẹ̀, á ké sí àwọn tòkè, wọ́n á sì ju kọ́kọ́rọ́ sí i nínú ìbọ̀sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì Sàkírù, ṣíìfìtì òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n bá sì ti bọ́ bàtà, kò sẹ́ni tó lè mú wọn sọ̀kalẹ̀ mọ́. Wọ́n á yọ orí síta, wọ́n á ní, "Sàkírù, tó bá bọ́ sílẹ̀, ìta lo máa sùn o." Wọ́n á sì jù ú.

N kò rí i kí ó bọ́ sílẹ̀ rí. Bí atẹ́gùn gbé e sápá ọ̀tún, bí oòrùn ń ta á lójú, ọwọ́ nìkan ni Sàkírù fi ń mú un. Kì í gbà á mọ́ àyà, torí pé kọ́kọ́rọ́ máa ń dun èèyàn láyà. Nígbà tó yá, kò sóhun tí màmá rẹ̀ kì í jù sí i: fìlà ilé-kéú tó bá gbàgbé, ọsàn, lẹ́ẹ̀kan agolo sàdíìnì, èyí tí màmá mi torí ẹ̀ bá wọn jà. Ọmọ ọdún méjìlá ni wá nígbà náà. Sàkírù kúrú débi pé Ìdajì ni àwọn ọmọ ilé-kéú ń pè é.

Ní ọjọ́ Sunday kan, a tan tẹlifíṣọ̀n nílé wa, la bá bá àwọn ọkùnrin tó dé akoto, tí èjìká wọn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń kọ lu ara wọn. Bàbá mi ní, "Ogun ibo lèyí?" Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Kò sí èyí tó yé wa níbẹ̀, títí ọ̀kan tó kéré láàárín àwọn òmìrán yẹn fi já síta, tó sá lọ, tó bojú wo òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí bọ́ọ̀lù sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti ẹ̀yìn èjìká. Sàkírù dìde. Akọ̀wé ló máa ń pè mí, torí pé mo fẹ́ràn láti máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, kọ́kọ́rọ́ Mọ́mì mi nìyẹn."

Ibẹ̀ ni eré náà ti wọ̀ mí lára. Ẹni tó ń sá síwájú lọ gba bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní risífà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Sàkírù gbé lé mi lọ́wọ́: ṣé risífà kúkúrú lè fi iṣẹ́ yìí jẹun? Mo mú téèpù ìránṣọ màmá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn ọkùnrin náà lára gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, mo ń kọ íńṣì wọn sínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí kí n tó rí i pé ẹni tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló ń ga jù. Nínú ìwé mi, rẹfirí arúgbó kan ló ga ju gbogbo wọn lọ.

Nígbà tí a pé ọdún mẹ́rìndínlógún, a gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan ń ṣe eré náà ní pápá kan lọ́nà Bermondsey, ní ọjọ́ Sunday, àkókò ilé-kéú gan-an. Sàkírù ò fẹ́ nǹkan míì láyé ju kó wọ ẹgbẹ́ yẹn lọ. Mọ́mì ẹ̀ ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí wọn ò bá mú ẹ, o ò tún gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀ nínú ilé yìí."

Kóòṣì wọn jẹ́ ọkùnrin Jàmáíkà kan láti Brixton. Ó wo Sàkírù láti òkè délẹ̀. Wíwò náà ò pẹ́.

"Padà wá tó o bá dàgbà."

"Mo ti dàgbà, sà."

"Ibo lo wá gbé àgbà náà pamọ́ sí?"

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Mo di ìwé mi mú, mo ní, "Ọ́ńkù, ẹ dákun, ẹ kàn ju bọ́ọ̀lù sí i." Ó jù ú. Ó bọ́. Ó tún un jù. Ó bà á láyà, ó tún bọ́. Òkè ni kọ́kọ́rọ́ ti ń wá. Bọ́ọ̀lù yìí ń bọ̀ tààrà, ó tún ń yí bí ìrànwú. N kò kọ ìyẹn sínú ìwé. Sàkírù wojú mi, mo sì mọ̀ pé jíjù ẹyọ kan ló kù tí wọ́n máa fún un.

Mo ní, "Ọ́ńkù, ẹ jù ú bí ẹni tó wà ní àjà kẹrin."

Kóòṣì pòṣé, ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sójú ọ̀run. Sàkírù gbá tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin gíga kan ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti dí i lọ́wọ́. Sàkírù gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó na ọwọ́, bọ́ọ̀lù sì bà lé e bí ìbọ̀sẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Kóòṣì ní, "Tún un ṣe." Ó tún un ṣe. Ọkùnrin náà wá béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ Sàkírù sílẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ fún un.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣèwádìí, ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Wọn kì í sábà fi risífà kúkúrú sí etí pápá, níbi tí òmìrán kan ti lè fi ọwọ́ méjèèjì tì í sẹ́yìn kó tó gbéra. Inú ni wọ́n ń fi í sí, nítòsí àwọn sìgbọnlẹ̀ àárín, níbi tó ti ráyè gba ọ̀tún tàbí òsì. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, nítorí náà ó lè yà bàrá kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ tó dá ara rẹ̀ dúró. Àmọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sókè jù á kọjá lórí rẹ̀, ìkọlù tí ẹni gíga gbọn dànù lè fọ́ ọ léegun, àwọn tó ń yan èèyàn sì lè ti wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó wò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sàkírù nìyẹn. Ó lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì kékeré kan, ó sì dé ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe. Wọ́n fà á dúró mọ́ ògiri: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, íńṣì mẹ́fà àtààbọ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò mú un. Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọ lẹ́tà sí mi mọ́. Mo rò pé ojú ń tì í, bí ẹni pé òun ló já ìwé mi kulẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Ìgbà tó yá, ohùn kan wọlé sórí fóònù mi: "Akọ̀wé, ṣé ìwé yẹn ṣì wà?" Ó ń kọ́ àwọn risífà ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, ó máa ń gun òkè ìjókòó òǹwòran, á máa ju ìbọ̀sẹ̀ tó rọ ìrẹsì kún sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi ààbọ̀ íńṣì kúrú jù ú lọ. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ ṣe ti mú un.

Ilé onígíláàsì ló wà níbi tí ẹ́sítéètì wa wà, fóònù ni àlejò fi ń ṣílẹ̀kùn ibẹ̀. N kò fi téèpù wọn tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ìwé nìkan ni kò yí padà, àti Mọ́mì Sàkírù, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gbé ní òpópónà kejì sí tèmi. Ní Monday yìí, mo pè wọ́n, mo ka eré àkọ́kọ́ ọmọ náà fún wọn: ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, mẹ́fà ló mú.

Wọ́n ní, "Ìkeje ńkọ́?"

"Ó bọ́ sílẹ̀, Mọ́mì."

"Sọ fún Sàkírù kó sọ fún un pé ìta ló máa sùn."

Mo fi ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Lẹ́yìn náà mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́ sí abẹ́ ìbéèrè tí Sàkírù ọmọ ọdún méjìlá bi mí: mẹ́fà nínú méje.